Ibi Tí Èéfín Tùràrí Ti Ń Dàrú

Òórùn tùràrí ló ń jí wa láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ nílé wa ní Alajo, nílùú Accra ní Ghana. Bàbá mi, tó ń ta fóònù àlòkù lọ́jà Circle, á kó ẹyin iná sínú àwo amọ̀, á bu tùràrí lé e, kó lè fín agbádá funfun rẹ̀ kó tó lọ mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n kó tó na agbádá sí i, àwa méjèèjì á kọ́kọ́ wo èéfín.

Èéfín á gùn sókè tààrà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Tó bá dé ibì kan, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, á kàn ṣàdédé dàrú, á máa lọ́ra pọ̀. Bàbá á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀ lára ògiri. Tá a bá ti fèrèsé, á gòkè sí i kó tó dàrú. Tí Màmá bá ṣílẹ̀kùn pẹ́nrẹ́n, á já wálẹ̀.

Bàbá á ní, "Sàfúrà, má mí o!" Èmi náà á séèémí títí ojú mi á fi pọ́n. Á wá bi mí pé, "Ta ló ń sọ fún un pé ibí ni kó ti dàrú?" Màmá á ní ká yé ṣeré, pé Jímọ́ọ̀ ò ní dúró de ẹnì kankan. Bàbá á ní, "Abéèrè kì í ṣìnà."

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo wọ JHS, ìpele àkọ́kọ́ iléèwé girama. Akosua nìkan ni kì í pè mí ní Alata, orúkọ tí wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́ àwa Yorùbá, ní kíláàsì, bí ẹyin ni mo ṣe ń gbé e. Ó wá kí mi ní Jímọ́ọ̀ kan. Inú Bàbá dùn, ó ní kó jókòó, ó sì fi èdè Twi rẹ̀ tó ń ta kókó bi í ní ìbéèrè wa nípa èéfín. Akosua bú sẹ́rìn-ín. Bóyá èéfín ló ń rín, bóyá Twi ni, mi ò mọ̀ dòní. Áà, ojú tì mí! Mo kọjú sí bàbá mi, mo fi Twi dá a lóhùn kí Akosua lè gbọ́, pé tíṣà ti kọ́ wa, pé ẹni tí ò lọ síléèwé nìkan ló ń béèrè irú ẹ̀. Irọ́ ni. Tíṣà ò kọ́ wa ní nǹkan kan.

Bàbá ò bínú. Ó ní, "Ó dáa," ó sì na agbádá sórí iná. Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti na agbádá. Màmá pè mí sẹ́yìn: "Ẹyin lohùn o, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Olórí kunkun ni mí, mi ò tọrọ àforíjì.

Mo ti di olùkọ́ ní yunifásítì báyìí. Iṣẹ́ mi gan-an ni ààlà yẹn, ibi tí omi tàbí atẹ́gùn tó ń lọ jẹ́jẹ́ ti ń pàdé èyí tó ń rú. Táwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí pé ibo gan-an ni omi tàbí atẹ́gùn kan yóò ti dàrú, mo máa ń sọ fún wọn láìtijú pé mi ò mọ̀.

Nígbà Iléyá tó kọjá, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Mo ní irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń wá ìdáhùn ìbéèrè yẹn kiri. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọlọ́hun á bùkún ẹ. Ìwọ lo mọ̀wé, kí ni tèmi níbẹ̀? Ṣé o ti jẹun?"

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn mọ gbogbo nǹkan. Èmi tòní ò mọ̀, ìbéèrè tí mo gbà lẹ́nu bàbá mi ni mo sì fi ń jẹun. Òun ò bi mí ní nǹkan kan mọ́, àfi bóyá mo ti jẹun.