Kànga Méjìlá Tí A Kò Tíì Wọ̀n

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Oníwọ̀n fi ń wọn kànga fún iléeṣẹ́ omi. Ohun èlò rẹ̀ kò ju okùn kan lọ, tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí ní mítà mítà, tí wọ́n so irin mọ́ ìdí rẹ̀. Yóò sọ irin náà sílẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, yóò fà á sókè, yóò wo ibi tí okùn tutù dé, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn aládùúgbò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ife tíì fún un, á kọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́ kó tó mu ún. Kò bínú sí wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ kò bá rí, kò sí ẹni tó lè fi tipátipá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ìwé rẹ̀ náà jọ ọ́. Kànga tó bá gbẹ, òdo ló ń kọ sí i. Èyí tí wọ́n bá ti ìdérí rẹ̀ pa lọ́jọ́ tó dé ibẹ̀, ìlà kékeré ló ń fà. Èyí tí irin kò bá sì kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò kọ ibi tí okùn tutù dé, yóò wá fi kún un pé "ó jù bẹ́ẹ̀ lọ".

Nígbà tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, iléeṣẹ́ ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dénú, ni wọ́n gbé e fún. Kì í ṣe kíkó o sínú ẹ̀rọ nìkan ló ṣe. Ó tún ṣe èdè kékeré kan tí òṣìṣẹ́ yòówù lè fi bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè: kànga wo ló gbẹ, kànga wo ni omi rẹ̀ kéré sí mítà kan. Inú bàbá dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin alágbàfọ̀ kan tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì wá bá a nílé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ omi ló kọ ọ́, pé kànga rẹ̀ ti gbẹ, pé lọ́jọ́bọ̀ ni ọkọ̀ iyanrìn yóò wá dí i kí ẹnikẹ́ni má baà já sí i.

"Bàbá, èmi tí mo ṣì fa omi níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣé omijé ni mo pọn ni?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní inú ìwé yín ni wọ́n ti rí i. Kànga yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta o. Aṣọ àwọn èèyàn tó wà lọ́wọ́ mi, omi wo ni n ó fi fọ̀ ọ́?"

Bàbá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká a lára bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ purọ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ìlà ló bá níbẹ̀. Ọjọ́ tó lọ wọ̀n ọ́n, alágbàfọ̀ ti lọ kí ọmọ rẹ̀, àgádágodo sì wà lórí ìdérí. Ó wọ bàtà, ó gba ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ.

"Bi ẹ̀rọ rẹ pé kànga mélòó ló gbẹ," ló wí, kò tilẹ̀ jókòó.

Ọmọ tẹ̀ ẹ́. Mẹ́tàdínlógún ló jáde.

"Márùn-ún ni èmi mọ̀. Méjìlá yòókù, ta ló pa wọ́n?"

Ọmọ wo ìwé, ó wo ẹ̀rọ, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Mo ti sọ fún ẹ̀rọ pé nọ́ńbà nìkan ni kó máa gbà níbi tí iye omi wà. Kò gba ìlà yín. Mo wá fi òdo dípò, mo rò pé nǹkan kan náà ni."

"Bí ẹnì kan bá pàdé mi lọ́nà, tó ní ṣé ìyá rẹ wà nílé, tí n kò sì tíì délé, ṣé kí n sọ fún un pé a ti sin ín ni?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì í. "Ẹ jókòó, sà. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì ni wọ́n fi wà lórí rẹ̀. Ọmọ ní kí ibi iye omi máa gba irú nǹkan mẹ́ta: iye gan-an, iye tó jẹ́ ó kéré tán, àti èyí tí a kò tíì mọ̀. Ibi ìdáhùn ni ìṣòro wá kù sí. Bí wọ́n bá béèrè kànga tí omi rẹ̀ ju mítà méjìlá lọ, kí ni ẹ̀rọ yóò sọ nípa "mẹ́wàá, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ"?

"Bó bá jẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n béèrè, kó ní bẹ́ẹ̀ ni," bàbá wí. "Bó bá jẹ́ méjìlá, kó ní òun ò mọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ọmọ gbà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹ̀rọ yọ gbogbo èyí tí kò bá mọ̀ kúrò nínú ìdáhùn, kí ìwé má baà kún.

"Bí o bá gbé wọn pamọ́, ta ni yóò rántí lọ wọ̀n wọ́n?"

Ọmọ pa ohun tó ti kọ rẹ́. Ó wá kọ ọ́ pé apá mẹ́ta ni ìdáhùn yóò máa ní: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò mọ̀. Kò sì sí ẹni tó lè fi èyí tó kẹ́yìn pamọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n gbé ìdáhùn tuntun lọ bá ọ̀gá iléeṣẹ́, ọkùnrin tí bàbá jù lọ́jọ́ orí dáadáa.

"Bàbá Oníwọ̀n, ó gbẹ tàbí kò gbẹ ni mo fẹ́ gbọ́. Kí ni kí n fi 'a kò mọ̀' ṣe?"

"Ẹ fi rán mi níṣẹ́, sà."

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ọkọ̀ iyanrìn ń bọ̀ lọ́la. Èyí tí ẹ bá wọ̀n lónìí, iye yín ni n ó tẹ̀lé. Èyí tó bá kù, lẹ́tà mi dúró."

Bàbá mú okùn, ọmọ mú ìwé. Ilé alágbàfọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dé: mítà mẹ́rin àti ààbọ̀.

"Ẹ kọ ọ́ kó tóbi o," alágbàfọ̀ wí, "kí ojú wọn lè rí i."

Mẹ́wàá nínú èyí tó kù ló ní omi. Ìkẹyìn, nílé bíríkìlà kan, irin kan ìsàlẹ̀ gbọ̀ọ́, okùn sì gòkè wá ní gbígbẹ. Bíríkìlà fa bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ẹ ṣáà bá mi fa ìlà yín yẹn sí i. Ẹ ní ẹ kò tíì mọ̀."

"Ọmọ mi, mo ti mọ̀," bàbá wí, ó sì kọ òdo.

Lọ́jọ́bọ̀, kànga mẹ́fà ni ọkọ̀ iyanrìn dí. Ó kọjá níwájú ilé alágbàfọ̀ láì dúró. Eruku rẹ̀ bo aṣọ funfun méjì tó wà lórí okùn, obìnrin náà sì ń kùn bó ṣe ń tún wọn fọ̀.