Obì Ni Mo Tọ́ Wò Nínú Wáìnì Náà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa ní àárọ̀ Sátidé náà nígbà tí mo jáde nílé wa ní Beam Park, ní London. N kò fi lọ́fínńdà sára, n kò sì fẹnu kan ata láti Thursday, nítorí imú àti ahọ́n ni mo fẹ́ fi gba iṣẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà nílé oúnjẹ ará Ítálì kan ní Barking Riverside. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Renzo, ń wá ẹni tí yóò máa yan wáìnì fún wọn, tí yóò sì máa ṣàlàyé rẹ̀. Èmi àti obìnrin Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Claire la ń du iṣẹ́ náà. Claire kọ́ ọ níléèwé. Ẹ̀yìn káńtà ni èmi ti kọ́ tèmi.

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Tóyìn, ìwọ tó ò ń wọ sùtánà lọ sí church, ṣé wáìnì lo wá ń lọ tọ́ wò?"

"Mo máa tu ú dànù ni, Daddy Tóyìn. Iṣẹ́ ni."

"Wọn ò ní fún ẹ. Irú iṣẹ́ yẹn, they keep it for their own."

"Kí wọ́n sọ ọ́ lójú mi."

Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Dagenham Heathway. Pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùndínlọ́gọ́rin ni. Kò sí kọndọ́, kò sí pé ṣẹ́ńjì ò sí. Káàdì lèèyàn ń fi kan ẹ̀rọ. Wọ́n ti ń dín ẹran nínú ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, mo yáa fi síkáàfù bo imú. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Barking, mo sì wọ òmíràn tó parí sí etí odò.

Nílé oúnjẹ, Ọ̀gá ṣí ìgò Barolo kan fún èmi àti Claire, wáìnì pupa láti àríwá Ítálì, tó ti tó ogún ọdún. Mo rò pé yóò dúdú bíi sóbò, àmọ́ ọjọ́ orí ti ṣí àwọ̀ rẹ̀. Etí rẹ̀ nínú gíláàsì ti pọ́n bíi bíríkì. Mo gbọ́ òórùn òdòdó gbígbẹ, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, àti ilẹ̀ tútù tí olú ń hù sí. Mo mu díẹ̀, mo yí i ká ẹnu. Ó kan díẹ̀ bí agbálùmọ̀, lẹ́yìn náà ó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ̀ bí obì. Mo tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún un, síbẹ̀ adùn kan kù lẹ́nu mi tí kò tètè lọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá kà á.

"Kí ni obì? Kọ cherry. Gbogbo ìwé ló kọ cherry."

Cherry ni èso pupa róbótó kan tí àwọn Òyìnbó fẹ́ràn.

"Sà, èmi ò jẹ cherry dàgbà. Tí mo bá kọ ọ́, ìwé ni mo dà kọ, kì í ṣe wáìnì ni mo tọ́ wò."

Ó ṣí ìgò kejì, wáìnì kan náà, ọdún kan náà. Claire gbóòórùn rẹ̀, ó sì kọ ìyìn kún ìwé. Nígbà tó kàn mí, páálí tí òjò pa ni mo gbóòórùn.

"Sà, èyí ti bàjẹ́."

"Ogbó ni. Bí wáìnì àgbà ṣe ń rí nìyẹn."

N kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. "Ẹgbẹ́ ni òun àti ti àkọ́kọ́, sà, ti àkọ́kọ́ ò sì rùn báyìí. Ẹ gbé e símú lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó gbé e símú. Ó gbóòórùn ìdérí ìgò náà pẹ̀lú. Ó dìde, ó da gbogbo rẹ̀ sínú síǹkì.

"Tuesday lo máa bẹ̀rẹ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n cherry ni kó o máa sọ fún oníbàárà."

"Ẹni tó mọ cherry, màá sọ cherry fún un. Ẹni tó mọ obì, obì ló máa gbọ́."

Claire bọ̀ mí lọ́wọ́ kí n tó kúrò. Ọ̀sán ni mo délé. Ọkọ mi gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ bu oúnjẹ fún mi.

Ìwé lè kọ́ mi lórúkọ wáìnì, kò lè bá mi gbóòórùn. Imú tí mo fi ń mọ ọbẹ̀ tó ti kan nílé ìyá mi n'Íjẹ̀bú ni mo gbé wá sí London, n kò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó lò ó.