Ìdajì Tí Mo Máa Ń Dì Wálé

Àbúrò mi obìnrin sá fún òtútù ìlú òyìnbó, ó wá bá ọyẹ́ pàdé ní Festac. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ètè rẹ̀ ti bó. Mo ní, "Ṣé òtútù yẹn ló tẹ̀ lé ọ wá, àbí ìwọ lo dì í mọ́ ẹrù?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín; ẹnu mi ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń rín ẹ̀rín.

Mo mọ ohun tó bá wá. Láti oṣù méje tí ìyàwó mi ti kú, ẹbí ń sọ pé n kì í jẹun. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ti kó àpò àgbàdo kúrò nínú yàrá kan dè mí ní Abẹ́òkúta. Àbúrò mi ni wọ́n ní kó wá wò mí: bí mo bá ń jẹun, kó fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi, bí n kò bá jẹ, kó dì mí lẹ́rù.

Kò sọ ìyẹn fún mi o. Ohun tó sọ ni pé, "Bọ̀dá mi, ìsinmi ni mo wá lò. Ẹ jẹ́ ká jẹ àdúgbò yìí yíká."

A bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, nínú Festac níbẹ̀. Ìrẹsì àti edé. Àbúrò mi ń mi orí nítorí adùn. Èmi ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń buwọ́ lùwé. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo pe ọmọge tó gbé oúnjẹ wá: "Jọ̀ọ́, bá mi di ìyókù."

Lọ́jọ́ kejì, ó di Trade Fair, lọ́dọ̀ ìyá Íbò kan tó ń se orí ewúrẹ́.

"Ṣé èmi ni ojú ewúrẹ́ yìí ń wò ni?" àbúrò mi béèrè.

"Ó mọ̀ pé òkèèrè lo ti dé ni."

Ata ta á lẹ́nu, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó wo ojú tèmi: ó gbẹ. Mo jẹ ìdajì. "Màmá, ẹ bá mi di ìyókù."

Bí a ṣe ń bọ̀, a ra ṣawámà. Mo gé tèmi sí méjì, mo dá apá kan padà sínú bébà.

"Bọ̀dá mi, ta lẹ ń di gbogbo èyí fún?"

Ọdún méjìlélógún: ibi yòówù tí mo bá ti jẹun, ìdajì á bá mi délé. Bí mo bá wá lọ́wọ́ òfìfo, ìyàwó mi á ní, "Ṣé ẹnu tiyín nìkan lẹ mú lọ ni?"

Nígbà tí a délé, àbúrò mi ló gbé ọ̀rá oúnjẹ náà lọ sínú fírísà. Kò ráàyè. Ọ̀rá lórí ọ̀rá, ike lórí ike: ẹja, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ní ìdajì ìdajì, gbogbo rẹ̀ ti di yìnyín.

"Ẹ̀ ń jẹun," ó ní jẹ́ẹ́. "Ìdajì lẹ ń jẹ."

"Ṣé Abẹ́òkúta ti yá nìyẹn?"

Kò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ó ní, "Ó dọ̀la."

Lọ́jọ́ kẹta, ẹja àrọ̀ yíyan. Nígbà tí mo dé ìdajì, ọwọ́ mi gbé ara rẹ̀ sókè. Àbúrò mi tẹjú mọ́ ẹja tirẹ̀. Obìnrin tó ń yan ẹja ti mú ọ̀rá dání.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n dì í?"

Mo wo ọ̀rá náà.

"Rárá."

Mo tún ki ọwọ́ bọ abọ́. N kò mọ̀ bóyá iyọ̀ tó, n kò mọ̀ bóyá ó ta. Mo ṣáà ń jẹ ẹ́, títí ó fi ku egungun.

Àbúrò mi nu ọwọ́, ó fa fóònù yọ, ó pe ẹ̀gbọ́n wa. Ó ní, "Ẹ kó àgbàdo yín padà síbẹ̀."