Ọmọ Tó Ní Mo Purọ́

Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ọmọdé ní Àjàṣẹ́, ní Porto-Novo yìí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ẹni tó kọ́ èmi fúnra mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò gbàgbé, eyín iwájú rẹ̀ ò tíì hù padà.

Ọmọbìnrin náà á tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá àgbà rẹ̀, tó ń ta ata lọ́jà Akpro-Missérété, ló gbé e wá nítorí eéwo ńlá kan tó wú sí i nítan. A ní láti là á. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin rọ̀gbà yí mi ká. Bí mo ṣe mú abẹ́rẹ́, ọmọ náà tẹjú mọ́ mi.

"Ṣé á dùn mí?"

"Rárá o," ni mo wí, bí mo ṣe máa ń wí fún gbogbo wọn.

Ó dùn ún. Ó ké títí. Nígbà tí a ṣe tán, ó nu imú rẹ̀, ó sì nàka sí mi lójú gbogbo wọn.

"Dókítà, ẹ purọ́."

Ìyá àgbà sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Ẹ má bínú o, Dókítà! Ẹnu ọmọ yìí ti pọ̀ jù!"

Ojú tì mí. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ ṣe sí òun lára. N kò sọ fún wọn rí pé ó dìgbà tí aláìsàn náà bá dàgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa fi ṣe déédéé.

"Òótọ́ lo sọ. Mo purọ́. Má bínú."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà wá kí n lè fọ egbò náà. Ó tún bi mí bóyá á dun òun.

"Á dùn ẹ́ díẹ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n máa kà. Tó o bá ti dé ẹ̀wá, màá gbọ́wọ́ kúrò."

Bí mo ṣe fọwọ́ kan egbò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé iléèwé wọn kà: "Un, deux, trois, dix!" Ó ti orí ẹ̀ta fò bọ́ sórí ẹ̀wá.

Ẹ̀rín pa wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Dókítà, ẹ máa bá a lọ, ó kù díẹ̀." Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí. Mo gbọ́wọ́ kúrò.

Ẹnu ya ọmọ náà. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo itan rẹ̀, ó ronú díẹ̀.

"Ẹ tún un ṣe," ó ní. "Màá kà á dáadáa báyìí."

Ó dijú, ó rọra ń kà. Nígbà tó dé ẹ̀sán, ó dúró dè mí kí n parí. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. "Láyé mi, n ò rí ọmọ tó ń bá dókítà dúnàá-dúrà rí!"

Egbò náà jinná, ọmọ náà sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré jáde níjọ́ tó wá kẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kí n máa bá a lọ lọ́jọ́sí wá bi mí pé, "Dókítà, tí kò bá wá gbà kí ẹ tún fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

A jiyàn ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà yàrá títí ebi fi tú wa ká.