Ọwọ́ Òsì Luika

Nígbà tí Kimokeo wà lọ́mọ ogún ọdún, Luika ìyá rẹ̀ ní kó wá kọ́ hula, ijó ìdílé wọn. Kimokeo ní òun ò kọ́ ọ. Ó ní ijó tí wọ́n ń jó fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì. Luika ò bínú. Ó ń sá ẹja rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá. Kimokeo ń tún táǹkì omi òjò ṣe káàkiri Kau, agbègbè wọn ní erékùṣù náà. Kò níyàwó, kò bímọ. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé onípákó tó kọjú sí òkun. Ní oṣù kejì ọdún yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Luika. Ẹsẹ̀ òsì kú, ọwọ́ òsì kú. Ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìyá ìyá Luika ni wọ́n kọ orin hula náà fún. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ orin mẹ́ta ni. Èkíní, atẹ́gùn tó ń ti orí òkè bọ̀. Èkejì, òkun. Ẹ̀kẹta, obìnrin náà fúnra rẹ̀, bó ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú kèrègbè lọ bu omi dídùn níbi ìsun tó wà lábẹ́ omi iyọ̀. Ìdílé kan kì í jó irú ijó bẹ́ẹ̀ ti ìdílé kejì. Luika nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Kimo, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́, Màmá."

"Dìde kí o fi wọ́n ṣe nǹkan."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Luika á fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, Kimokeo á dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí i. Luika á kọrin, á máa fi ọwọ́ tó yè hàn án.

"Tẹ orúnkún. Ṣé o gbé òpó mì ni?"

"Màmá, orúnkún mi ti gbó."

"Tèmi ńkọ́, tọmọ ọwọ́ ni?"

Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ kan ló ń sọ̀rọ̀. "Fi èkejì sí ìbàdí," ni Luika wí, "kó jókòó síbẹ̀, kó má dá sí ọ̀rọ̀." Kimokeo gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ń jó o níbi iṣẹ́. Masa, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ká a mọ́ orí táǹkì lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n ní kí o dí ibi tó ń jò, o ń jó fún un. Ṣé kí n ra yẹ̀rì ewé wá?"

"Rà á. Kó gùn dé ilẹ̀ o. Ẹsẹ̀ mi ò dáa."

Wọ́n dé ẹsẹ kẹta. Ọwọ́ ọ̀tún Luika mòòkùn, ó yí, ó gòkè padà. Ọwọ́ òsì dùbúlẹ̀ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Luika ò ní kó fi ọwọ́ kejì sí ìbàdí. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kimokeo fẹ́ béèrè. Ó rí i pé ìyá òun ń wo ọwọ́ tó kú náà bí ẹni ń wo òkú. Ó gbé ìbéèrè mì. Ó ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá ara rẹ̀ á ti yá díẹ̀.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kimokeo ò béèrè. Nígbà tó gbé àwo poi, kókò gígún tí wọ́n ń jẹ, wọlé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Luika ti tutù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ bá Àǹtí Napua, olùkọ́ hula, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ jó o níbi ìrántí ọdún kan, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun wò ó bóyá ó tọ̀nà. Àǹtí Napua mọ orin náà. Kò mọ ijó rẹ̀. Ẹsẹ kìíní ò tíì parí tó fi na ọwọ́ sókè pé kó dúró.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi, lórí bẹ́ẹ̀dì."

"O kọjú sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ìdí nìyẹn. Ẹ̀yìn la máa ń kọ sí ẹni tí à ń kọ́, kí ọ̀tún lè jẹ́ ọ̀tún. O gbé òkè sínú òkun. O ti rán ìyá àgbà lọ mòòkùn lórí àpáta."

Kimokeo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ló fi kó ohun tó wà lọ́wọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó ṣe é dé ẹsẹ kẹta.

"Ọwọ́ kejì ńkọ́?" ni Àǹtí Napua bi í.

"Mi ò mọ̀."

"O ò béèrè?"

"Mi ò béèrè."

Obìnrin náà na ọwọ́ òsì tirẹ̀ wò. "Ó lè jẹ́ pé ó di ẹnu kèrègbè, kí omi iyọ̀ má wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé àpáta ló dì mú."

"Èwo ni, Àǹtí?"

"Luika ló mọ̀." Ó gbé kèrègbè tó fi ń lu ìlù ijó náà sílẹ̀. "Mo lè fi ọwọ́ kan sí i. Á dáa lójú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ni yóò jẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Ẹ má fi sí i."

Lọ́jọ́ ìrántí, Àǹtí Napua kọrin létí òkun, Kimokeo jó. Ní ẹsẹ kẹta, ọwọ́ òsì rẹ̀ ro kalẹ̀ bí aṣọ tó tutù. Obìnrin kan rọra bi Masa pé, "Ṣé àrùn ìyá rẹ̀ ti mú òun náà ni?"

Masa ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Rárá. Bí wọ́n ṣe ń jó o nìyẹn."

Wọ́n jẹun, wọ́n tú ká. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ́ òun.

Ó ṣì ń jó o ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, níwájú bẹ́ẹ̀dì òfìfo náà. Bó bá dé ẹsẹ kẹta, ọwọ́ òsì a máa fẹ́ gbéra fúnra rẹ̀. Kimokeo a tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan. Kò mọ ibi tí yóò rán an lọ.