Bí Mo Ṣe Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Savalou, Tí Wọ́n Ní N Kò Dé

Dírẹ́tọ̀ rédíò wa ní Bantè kì í sọ ọ̀rọ̀ kékeré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kó gbogbo wa jọ, ó ní láti fi ṣe ọdún ilé iṣẹ́ wa, a ó gun kẹ̀kẹ́ láti Bantè dé Savalou, kí ará ìlú lè rí i pé eré ìdárayá ń lé àìsàn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí èmi àti Ràfíù. Sítájíẹ̀ ni àwa méjèèjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ti jáde yunifásítì, a sì ń ṣiṣẹ́ bí òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbà wá síṣẹ́.

"Ààyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà," ni ó wí. "Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ dé Savalou ló ni ín."

Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe sọ ọ́. Ó ti rẹ ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Agoua, láti máa dá àwọn tó ń béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe lóhùn. Mo fẹ́ ààyè yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ n kò gun kẹ̀kẹ́ kọjá ọjà ìlú rí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbogbo wa wọ tíṣáàtì tuntun. Dírẹ́tọ̀ gun kẹ̀kẹ́, ó na ọwọ́ sókè, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. A kọjá ilé tó kẹ́yìn ìlú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lábẹ́ igi kajú níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó kẹ̀kẹ́ sínú rẹ̀. Dírẹ́tọ̀ ń nu ojú. N kò rí òógùn tí ó ń nù.

"Odílì, gbé tìẹ wá!" Ràfíù pè mí láti inú ọkọ̀.

"A ò tíì dé."

"Ta ló sọ pé a ti dé? Ọkọ̀ ló máa gbé wa dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni Dírẹ́tọ̀ wí. "Tó bá rẹ̀ ẹ́, á pè wá."

N kò lè búra pé gbogbo wọn ló wọ ọkọ̀ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó kọjá lára mi, pé àwọn tí mo rí nínú rẹ̀, Dírẹ́tọ̀ àti Ràfíù pẹ̀lú, ń jẹ búrẹ́dì, àti pé n kò rí kẹ̀kẹ́ akẹgbẹ́ mi kankan lójú títì títí mo fi dé Savalou.

Ní agbègbè wa, ọmọ iléèwé tàbí àgbẹ̀ ló ń gun kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá rí àgbà obìnrin lórí rẹ̀, wọ́n á ní nǹkan ti ṣe é. Onísẹ́mìjàn kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi alùpùpù gbérò, rọra sún mọ́ mi.

"Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú o. Ta ló jí alùpùpù yín?"

"Kò sẹ́ni tó jí i. Mi ò ní in."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọkọ yín ńkọ́?"

"Mi ò ní òun náà."

Ó mi orí, ó sì lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kúrò nílé ọ̀fọ̀. Níwájú, bàbá kan tó ń sá iṣu gbígbẹ lẹ́bàá títì na ọrùn wò mí.

"Ta ló kú ní Savalou?"

"Kò sẹ́ni tó kú, bàbá."

"Kí ló wá ń lé ọ?"

Mo kí i, mo tẹ kẹ̀kẹ́ mi lọ. Èèyàn kò lè máa wàásù eré ìdárayá fún ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí iṣu láti òwúrọ̀.

Òkè kan wà kí n tó wọ Savalou. Itan mi kọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti kẹ̀kẹ́ náà dé orí òkè, mo sì tún gùn ún wọ ìlú. Abẹ́ àtíbàbà ni mo bá wọn, wọ́n ń mu ohun tútù. Atọ́kùn ètò wa ń sọ èdè Mahi, ó ń sọ Yorùbá, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ sórí afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Dírẹ́tọ̀, ṣé lóòótọ́ lẹ gùn ún dé ibí?"

"Ẹ bi ẹsẹ̀ mi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kan Ràfíù.

"Èmi kọ́ ló rẹ̀ o. Kẹ̀kẹ́ ló ń bẹ̀ mí pé ká sinmi!"

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó kàn mí.

"Mo gùn ún," ni mo wí, "àfi òkè tó kẹ́yìn. Mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, mo tì í."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Savalou," ni atọ́kùn kígbe, "Odílì wa ló gbé kẹ̀kẹ́ wá o!"

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, Dírẹ́tọ̀ pè mí. Ó fajú ro bíi fádà tó fẹ́ sìnkú.

"O ò parí ẹ̀, Odílì. Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́."

"Òótọ́ ni, Dírẹ́tọ̀. Nígbà tí ẹ kọjá mi lọ́nà, ṣé orí kẹ̀kẹ́ lẹ wà?"

"Ìbéèrè sítájíẹ̀ kọ́ nìyẹn."

Ràfíù ló gba ààyè náà. Òun ló ń ṣe ètò ìlera báyìí. Ohùn rẹ̀ dára, n kò lè jiyàn ìyẹn. Bí a bá sì fi òfin Dírẹ́tọ̀ wọn ọ̀rọ̀ mi, mo kùnà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀tún tòsì, n kò rí ibi tí mo lè gbà bọ́. Òfin tí wọ́n fi wọn àwọn yòókù ni n kò tíì rí.

Ṣùgbọ́n òkè yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn Máàsì, mo tún gbéra láti Bantè. Kò sí tíṣáàtì, kò sí fọ́tò. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ òkè, mo dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. N kò sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn ní Savalou wò mí bí mo ṣe ń mí.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Bantè."

"Lórí èyí?"

"Lórí ẹ̀."

"Ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ rárá?"

"Mo dúró mu omi. Mi ò tì í."

Ó wo táyà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́! Ta ló rí yín?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!"

Mo ra ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó tì í, inú mi sì dùn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ló béèrè ẹ̀rí dípò kó kàn pàtẹ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí rédíò gbà síṣẹ́.