Ẹyẹ Àárọ̀, Àfòpiná Ìrọ̀lẹ́

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà tí àìsàn dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìta Fájì la ń gbé. Ó ti gbin òdòdó pupa kan sínú garawa tó ti jo, ó sì gbé e sí ojú fèrèsé tó kọjú sí ibùsùn wa.

Láràárọ̀, ẹyẹ kékeré kan tí ọ̀fun rẹ̀ ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ máa ń wá mu omi dídùn inú òdòdó náà. Bí oòrùn bá ń wọ̀, ohun kan tó jọ ọ́ tún máa ń wá. Ìyàwó mi gbà pé ẹyẹ kan náà ni.

"Ó padà wá wò ó bóyá mo ṣì wà," ló máa ń wí. Ó ní bí ẹyẹ yẹn kò bá ti pa ọjọ́ kan jẹ, òun náà á rí ọjọ́ kejì. Oògùn ọsibítù kò mú un dìde jókòó. Èyí ń mú un dìde.

Tíṣà ni mí. Mo sọ fún un pé ti ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ẹyẹ. Ẹyẹ máa ń bà lé ẹ̀ka kí ó tó ki ẹnu bọ òdòdó. Èyí ń dúró lójú afẹ́fẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ojú kò lè rí i. Ẹyẹ ń kọrin. Èyí kò ní ohùn. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, ó sì ń ká jọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ ti dé nù-un. Èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì yín o. Ẹyẹ mi ni."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi fìlà bo kòkòrò náà mọ́ ara òdòdó, mo sì gbé e wá síwájú ìyàwó mi. Kòkòrò náà ti kú kí n tó ṣí fìlà. Mo fi ìwo méjì orí rẹ̀ hàn án, àti eruku ìyẹ́ rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ mi níka.

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Àfòpiná ni."

Ó wò ó pẹ́. "Ilẹ̀ ò tíì ṣú. A ò tíì tan àtùpà. Iná ta ló wá fò pa?"

Láti kékeré ni mo ti ń pe orúkọ yẹn, n kò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹyẹ dé, ó ń kọrin. Mo ní, "Ẹyẹ rẹ ti dé," mo sì na ọwọ́ láti ṣí fèrèsé.

"Ẹ má ṣí i," ló wí. "Mi ò mọ èyí tí í ṣe èwo mọ́."

Títì ni fèrèsé náà wà ní ọjọ́ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé òkú ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.